Tíúbù kan kò lè wo gbogbo ohun tó ń yún ara

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ojú ìwé tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ ìlera ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí bí wọ́n bá ti gbé ìwé ìròyìn yín dé Ṣakí, kí n tó ka ti òṣèlú. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé inú ọgbà ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. "Mètírọ́ọ̀nù" ni àwọn ọmọ ń pè mí lójú mi. Ohun tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìpolówó kan tí ẹ gbé sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé yẹn gan-an ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Òògùn ìpara inú tíúbù ni. Wọ́n ní ó ń wo làpálàpá, ó ń wo kúrúnà, ó ń wo irorẹ́, ó ń wo ooru ara ọmọdé, ó tún ń mú kí ojú máa dán. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí òun nìkan kọ́. Irú rẹ̀ kún orí àtẹ kẹ́míìsì, ó wà nínú báàgì àwọn tó ń polówó òògùn nínú mọ́tò láti ibí dé Ìbàdàn, mo sì ti bá a lábẹ́ ìrọ̀rí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá. Òògùn tó wo gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ yẹn, èmi kò tíì rí i. Èyí tó ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ ni mo rí.

Ẹ yí páálí irú tíúbù bẹ́ẹ̀ padà kí ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ òògùn mẹ́ta ni ẹ ó sábà rí. Àkọ́kọ́ lè jẹ́ clotrimazole tàbí ketoconazole. Òun ló ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń fa làpálàpá, kò sí ohun tó ṣe é. Èkejì lè jẹ́ neomycin tàbí gentamicin, èyí tó wà fún egbò tó ti ń kẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ la ojú sí dáadáa: clobetasol tàbí betamethasone. Sìtẹ́rọ́ọ̀dù ni wọ́n. Ohun tí sìtẹ́rọ́ọ̀dù ń ṣe ni pé ó ń mú kí ara dẹ́kun ìjà tó ń jà níbẹ̀. Ibi tó wú á rọlẹ̀, yíyún á dáwọ́ dúró, nígbà mìíràn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Dókítà ń lò ó, ó sì wúlò fún oríṣi èkísímà kan, ìyẹn awọ gbígbẹ tó máa ń yún, fún ọjọ́ tó níye, níbi tí wọ́n bá ní ká fi sí. Àmọ́ bó bá jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀, tí ẹ wá ń fi sìtẹ́rọ́ọ̀dù pa á, ẹ ti fún ọlọ́dẹ ilé lóògùn oorun nígbà tí olè ṣì wà nínú iyàrá.

Ọmọ kan wà ní SS2 tó gbé tíúbù bẹ́ẹ̀ ti ilé dé lẹ́yìn ìsinmi. Làpálàpá ló ní ní itan. Ẹni tó bá mọ làpálàpá mọ bó ṣe máa ń rí: ó máa ń rí roboto, etí rẹ̀ á yọ sókè, á máa ṣí wẹ́wẹ́, àárín rẹ̀ á sì máa mọ́. Ti ọmọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò ní etí, kò ní àárín, ó ti gba itan méjèèjì, ó ń gòkè lọ sí ìbàdí. Awọ ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ débi pé ìlà-ìlà tí à ń rí níkùn abiyamọ ti yọ sí itan ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìlà yẹn kì í parẹ́. Mo ní, "Báwo lo ṣe ń lò ó?" Ó ní, "Mètírọ́ọ̀nù, bí mo bá ti pa á ó máa ń lọ, bí mo bá ti fi sílẹ̀ ó máa ń padà wá, á tún wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọmọ yín, ẹ gba tíúbù náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Òògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì nìkan, láìsí sìtẹ́rọ́ọ̀dù, pẹ̀lú òògùn oníhóró tí dókítà kọ fún un, ló wo ọmọ náà. Ó pẹ́ kó tó san. Ó sunkún púpọ̀, torí nígbà tó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú sìtẹ́rọ́ọ̀dù náà, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ tún ru jáde.

Ti orí àwọn ọmọdé tún yàtọ̀. Làpálàpá orí, èyí tí irun ibẹ̀ máa ń já kúrò tí orí á sì máa ṣí funfun, ìpara kankan kì í wò ó, torí ìpara kò lè dé gbòǹgbò irun. Òògùn mímu bíi griseofulvin ni, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, dókítà ló sì ń wọn ìwọ̀n rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú bí ọmọ bá ṣe wúwo tó. Kí ẹ tún bá onígbàjámọ̀ yín sọ̀rọ̀ nípa kílípà rẹ̀. Èyí tó fẹ́ atẹ́gùn sí lásán, kò tíì fọ̀ ọ́.

Kúrúnà ló gba oorun lójú mi jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn. Bí àwọn ọmọ bá wọlé sáà tuntun, ara á kọ́kọ́ tutù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí mo bá gbé tọ́ọ̀ṣì wọ ilé wọn lóru, n ó máa gbọ́ ìró èékánná lára awọ, lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, lórí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé. Àwọn míì ń họra lójú oorun, wọn kò tilẹ̀ mọ̀. Kòkòrò kan tó kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí dáadáa ló ń fà á. Abo rẹ̀ á gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sínú awọ, á máa yé ẹyin síbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀ rí lè gbé e káàkiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ní gbogbo àkókò yẹn ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ó ń yá a ní aṣọ ìwọ̀sùn, wọ́n jọ ń dirun. Ìdí nìyẹn tí kúrúnà fi máa ń dà bí ohun tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Bí ọmọ bá wá bá mi pé ara ń yún òun, n kì í kọ́kọ́ nawọ́ sí òògùn. N ó ní, "Ìgbà wo ló ń yún ọ jù?" Bó bá ní òru ni, n ó ní kó na ọwọ́, kí n wo àárín ìka, ọrùn ọwọ́, ìgúnpá, abẹ́ abíyá, àyíká ìdodo, ìbàdí àti ìdí. N ó wá tún bi í pé, "Ta ló tún ń họra lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?" Ìbéèrè kejì yìí ló lágbára jù. Ooru ara kì í mú ọmọ mẹ́rin tó ń sùn ní igun kan náà, kó sì fi gbogbo yòókù sílẹ̀.

Òògùn rẹ̀ wà, kò sì wọ́n púpọ̀: permethrin, tàbí benzyl benzoate tó máa ń ta ni bí wọ́n bá fi kan ojú egbò, tàbí ìpara imí ọjọ́ tí a pò mọ́ fasilíìnì. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ibi tó ń yún nìkan kọ́ ni à ń fi í sí. Lẹ́yìn ìwẹ̀, tí ara bá ti gbẹ, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ ni à ń fi í pa, a ò sì gbọdọ̀ fo àárín ìka, abẹ́ èékánná, inú ìdodo àti ìdí. Bí èèyàn bá fọwọ́, kó tún fi pa ọwọ́ náà padà. A óò tún un ṣe lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo ẹni tó ń gbé ilé náà ló gbọ́dọ̀ lò ó lọ́jọ́ kan náà, títí kan ẹni tí ara kò tíì máa yún. Ọjọ́ yẹn náà ni aṣọ ìwọ̀sùn, aṣọ ìbora àti táwẹ́ẹ̀lì ń lọ sínú omi gbígbóná, lẹ́yìn náà sínú oòrùn. Èyí tí kò ṣeé fọ̀, ká dì í sínú ọ̀rá, ká so ó lẹ́nu pa fún ọ̀sẹ̀ kan. Kòkòrò náà kì í sábà lò ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ bí kò bá sí lára èèyàn. Fún ọmọ ọwọ́ àti aláboyún, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà léèrè èyí tí wọ́n lè lò.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kó kọjá láìsọ. Lẹ́yìn tí kòkòrò bá ti kú tán, ara ṣì lè máa yún ni fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Àwọn tí kò mọ̀ á ní òògùn kò ṣiṣẹ́, wọ́n á máa fi benzyl benzoate wẹ̀ lójoojúmọ́ títí awọ wọn á fi máa bó. Ibi tí tíúbù olórúkọ mẹ́ta tún ti ń wọlé nìyẹn: sìtẹ́rọ́ọ̀dù inú rẹ̀ á mú yíyún náà rọlẹ̀ lára ẹni tí kúrúnà rẹ̀ ò tíì kú, ẹni náà á sì gbà pé òun ti san. Bẹ́ẹ̀ sì ni kòkòrò náà ń pọ̀ sí i, tó sì ń bọ́ sára àwọn ará ilé.

Bàbá ọmọ kan wá bá mi nítorí pé mo kọ̀wé sílé pé kí gbogbo wọn lo òògùn. Agbádá ni ó wọ̀ wá. Ó ní kò sí onídọ̀tí nílé òun. Mo kí i tìyẹsí-tìyẹsí, mo ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, kúrúnà kò mọ ilé onídọ̀tí yàtọ̀ sí ilé ẹni tó mọ́ tónítóní, awọ tó bá fara kan awọ ló mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n wo ọwọ́ yín." Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò agbádá. A wo ara wa lójú. Ó ra òògùn náà kó tó kúrò ní Ṣakí.

Àsìkò òjò ló máa ń mú èyí tó ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ jù wá. Ọmọ á sun oorun rere, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ìlà pupa tàbí dúdú gígùn á ti wà lọ́rùn rẹ̀ tàbí lẹ́rẹ̀kẹ́, á máa ta á bí ìgbà tí iná jó o, ìléròrò á sì gun orí rẹ̀. Wọ́n ní Madam Koi-Koi, iwin ilé ìwé, ló na àwọn ní pàṣán lóru. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n ta òróró sí ẹnu ọ̀nà, àwọn kan kò fẹ́ sùn nílé yẹn mọ́. Kòkòrò kan ni. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ púpọ̀, dúdú àti pupa ló pín ara rẹ̀ ní ìpele-ìpele, èèyàn á kọ́kọ́ rò pé èèrà ni. Iná gílóòbù ló ń tẹ̀ lé wọlé lálẹ́. Kì í géni jẹ, kì í ta ni. Oró wà nínú omi ara rẹ̀, ìgbà tí èèyàn bá gbá a mọ́ ara, tó sì fi ọwọ́ rà á, ni oró náà á bọ́ sórí awọ. Bó bá bà lé yín lọ́rùn, ẹ fẹ́ ẹ dànù, ẹ má gbá a. Bí ẹ bá ti pa á mọ́ ara, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ yẹn kan ojú. A gbé iná kúrò lókè bẹ́ẹ̀dì, a so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, Madam Koi-Koi sì kó ẹrù rẹ̀.

Ooru ara kò gba ariwo. Ihò tí òógùn ń gbà jáde ló dí. Bọ́ aṣọ tó nípọn kúrò lára ọmọ, fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kí ẹ sì dẹwọ́ nínú páúdà tí ẹ ń dà sí i lọ́rùn bí ẹni fẹ́ dín àkàrà. Ìgbà ọyẹ́ ni ti èkísímà, pàápàá ní ìkòkò orúnkún àti ìgúnpá. Kàn-ìn-kàn-ìn líle kọ́ ni oògùn rẹ̀. Òrí lásán, tí a fi pa ara kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán, ń ṣe é lóore.

Kí ẹ sì má wá pupa kiri. Nínú àwọn ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa, àwòrán awọ òyìnbó ló pọ̀ níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì pọ́n. Lára tiwa, ibi tó wú lè ṣókùnkùn, ó lè ní àwọ̀ eérú, ó lè máà yàtọ̀ lójú rárá àfi tí ẹ bá fi ọwọ́ pa á. Ẹ lo ọwọ́ yín, kí ẹ sì gbé ọmọ síbi ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

Ara mìíràn wà tí òògùn mímu ló bà á jẹ́. Ẹnìkan lo Septrin tàbí Fansidar, àmì roboto dúdú yọ sí ètè rẹ̀ tàbí sójú ara. Àmì náà lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹni náà tún lò ó ní ìgbà mìíràn, àmì náà padà sójú kan náà, ó wá dúdú sí i. Àwọn kan á ní wọ́n fi nǹkan sí oúnjẹ àwọn ni. Kí ẹ kọ orúkọ òògùn náà sílẹ̀, kí ẹ má lò ó mọ́ láéláé, kí ẹ sì máa sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún yín lóògùn. Bó bá wá jẹ́ pé lẹ́yìn òògùn, ibà dé, ẹnu bó, ojú pọ́n, tí awọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé, ọsibítù ńlá lọ́jọ́ náà ni. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Bákan náà ni èyí tó bá bá ibà rìn lára ọmọdé. Èéyi, tí ikọ́, ikun imú àti ojú pípọ́n máa ń ṣáájú rẹ̀, tó sì máa ń sú láti ojú àti ẹ̀yìn etí wá sí ara, ń pa ọmọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá jẹ́ ìléròrò olómi ló sú, tí kókó ọrùn tàbí ti abẹ́ ìtan sì wú, àrùn ọ̀bọ lè ni, èyí tó tún padà bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà láti ọdún 2017. Ẹ pe NCDC, àjọ ìjọba tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, lórí 6232. Ìpara kọ́ ló kàn.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ nìyẹn gan-an. Gbogbo ohun tó ń yún ni èèyàn ń sáré fún. Ẹ̀tẹ̀ kì í sábà yún. Àmì kan ni, tó mọ́ ju awọ tó yí i ká lọ, ó lè wà lẹ́yìn èèyàn fún ọdún kan kò sì ní dí i lọ́wọ́ oúnjẹ. Obìnrin kan tó ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé wa ní irú rẹ̀ ní apá. Òun náà ti fi tíúbù pa á títí, ó ní làpálàpá ni. Mo ní kó dijú, mo fi òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn án ní ara tó dá, ó ní, "Hẹn." Mo fi kàn án lórí àmì náà, kò fèsì. Mo tún kàn án. Kò fèsì. Ó ní, "Mètírọ́ọ̀nù, ṣé ẹ ti ń ṣe é?" Wọ́n fún un ní òògùn ọ̀fẹ́, bí wọ́n ṣe ń fún gbogbo ẹni tó bá ní in, ó lò ó dé òpin, ìka rẹ̀ mẹ́wàá sì pé títí di òní. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé òun ń bínú sí mi, ọjọ́ tí mo sọ fún un pé owó tó ná sórí tíúbù yẹn ì bá ti ra aṣọ ọdún.

Olóòtú, mo mọ̀ pé ìpolówó ló ń sanwó bébà tí ẹ fi ń tẹ ìwé ìròyìn. N kò ní kí ẹ má gbà á mọ́. Bí àwọn oníṣòwò yẹn bá tún gbé owó wá, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ gbogbo orúkọ òògùn tó wà nínú tíúbù náà sínú ìpolówó, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀. Ibi tí clobetasol tàbí betamethasone bá wà, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá pé dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún èèyàn, pé a kì í fi pa ojú, a kì í fi pa ọmọdé láìgba àṣẹ, kí lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi tó èyí tí wọ́n fi kọ "ó ń mú ojú dán".

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ṣakí, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.